Ẹ Jẹ́ Kí Ààrò Mí: Ẹ̀gbọ́n Jórinjórin Dáhùn Lẹ́tà Yín Lórí Ààrò Èéfín

Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo lẹ́tà tó wà lórí tábìlì mi lóṣù yìí ń sọ: ààrò èéfín tí àpótí iná rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò abẹ́. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, irin róbótó kan tó dùbúlẹ̀ ni, inú rẹ̀ ni a ń to ẹran sí. A jó àpótí kan mọ́ ọn lápá kan, inú ìyẹn la ń dáná sí. Lápá kejì ni ọ̀pá èéfín ti yọrí. Iná kì í fojú kan ẹran rárá, ooru àti èéfín ló ń gba ara rẹ̀ kọjá. Mo ti kan mẹ́rin. Àkọ́kọ́ kò ṣeé fi hàn ẹnikẹ́ni.

Kí a má bàa gbọ́ ara wa lódì, báyìí ni mo ṣe ń pe àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Imú ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àpótí iná. Ọ̀fun ni ihò tí ooru ń gbà bọ́ láti àpótí iná sí ibi ẹran. Ikùn ni ibi ẹran fúnra rẹ̀. Ọ̀pá èéfín kò nílò orúkọ míì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbá lítà 200 ni mo dùbúlẹ̀ fi ṣe ikùn ààrò mi. Àpótí iná rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 ní gbogbo ìhà. Páìpù tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ni mo fi ṣe ọ̀fun, mo lu ihò méjì fún afẹ́fẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìbú àtàǹpàkò, mo sì fi páìpù oní-sẹ̀ǹtímítà 5 ṣe ọ̀pá èéfín. Láti àárọ̀ dalẹ́, èéfín funfun bí òwú ló ń tú jáde. Ooru kì í kọjá digíríì 90. Ẹran korò débi pé mo jù ú sí ajá, ajá gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú. Mo ti ń pa ọ̀pá èéfín dé díẹ̀ kí ooru má bàa sá lọ, kò yí nǹkan kan padà. Ẹ gbà mí. — Aláàrò Ìkorò

Ajá yẹn ò jẹ̀bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, ohun tí ẹ ṣe fún ààrò yẹn kò yàtọ̀ sí kí a fún èèyàn lọ́rùn, kí a tún ní kó máa sáré. Kí ẹ tó ka ìlà tó kàn, ẹ lọ ṣí ọ̀pá èéfín yẹn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ má pa á dé mọ́ níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà nínú ààrò.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí mo kan àkọ́kọ́ mi, èrò mi ni pé èéfín ni adùn, nítorí náà bí èéfín bá ṣe pọ̀ tó ni adùn yóò ṣe pọ̀ tó. Mo gbé àga kalẹ̀ níwájú rẹ̀, omi ń dà lójú mi, inú mi ń dùn. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò lálẹ́, ó wò mí, ó ní, "Ṣé oògùn ni?"

Èéfín funfun tó nípọn, igi tí kò jó tán ni. Bí igi bá gbóná, ó máa ń tú gáàsì jáde kí ó tó di ẹyin iná. Bí afẹ́fẹ́ bá tó, tí iná sì ń jó geere, gáàsì yẹn náà yóò jó mọ́ iná. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, yóò bá èéfín lọ pẹ̀lú omi inú igi, yóò sì di ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹran bí ọ̀dà. Ohun tí ajá yẹn gbóòórùn nìyẹn. Èéfín tó dára kì í pọ̀. Ní ẹnu ọ̀pá, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Bí ẹ bá rí i, yóò rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí omi aró tí wọ́n ti bomi là jù. Àwọ̀ aró yẹn wá láti inú kíkéré tí ohun tó wà nínú èéfín náà kéré: wọ́n kéré débi pé ìmọ́lẹ̀ búlúù ni wọ́n ń fọ́n ká jù. Ní ọjọ́ tí ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí ẹ rò pé iná ti kú, tí ẹ gbé ọwọ́ sí òkè ọ̀pá tí ọwọ́ yín sì fò padà, ọjọ́ náà ni ẹ dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọn ihò yín wàyí, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àgbá yín gba nǹkan bíi lítà 208. Ìlànà tí àwa tó ń kan ààrò ń tẹ̀ lé ni pé kí àpótí iná tó ìdá kan nínú mẹ́ta ikùn. Ti yín gba lítà 27 péré. Ó yẹ kó tó bíi 69, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 41 ní gbogbo ìhà. Fún ọ̀fun, ẹ ka lítà ikùn, kí ẹ sì fún lítà kọ̀ọ̀kan ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ níbùú lóròó lójú ihò, ìyẹn ìbú ihò lọ́nà gíga rẹ̀. Lítà 208 yóò fún yín ní nǹkan bíi 312. Ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 tó sì ga ní 11 ti kájú ìyẹn. Páìpù oní-sẹ̀ǹtímítà 10 tí ẹ fi síbẹ̀ kò fún yín ju 79 lọ. Imú yẹ kó tó 80. Ihò yín méjèèjì, tí a bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ́ 10.

Ọ̀pá èéfín ni ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á ní, "Èyí tí mo lò jẹ́ 5, èyí tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ jẹ́ 12 ààbọ̀, ìlọ́po méjì ààbọ̀ náà ni." Rárá o. Bí ìbú ẹnu páìpù bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń gba inú rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹnu páìpù oní-12 ààbọ̀ tóbi ju ti yín lọ ní ìlọ́po mẹ́fà ó lé. Èmi lo oní-12 ààbọ̀ lórí àgbá bíi ti yín, mo fi gíga rẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 75, ó sì ń fà dáadáa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó ń gòkè. Bó ṣe ń jáde lókè ni ó ń fa tútù wọlé ní imú. Ẹni tó bá dí òkè ti pa ìsàlẹ̀ náà. Nígbà tí ẹ bá tún un jó, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá yọ láti ẹ̀gbẹ́ ikùn, ní ibi tí àwọ̀n ẹran wà gan-an. Bí ó bá yọ láti òkè pátápátá, ooru yóò gba orí ẹran fò lọ láì kí i.

Ó ku iná fúnra rẹ̀. Ẹ dá a kékeré kó máa jó ganranran. Iná ńlá tí a fún lọ́rùn kò lè ṣe é. Igi tó tó ọrùn ọwọ́, tí gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ, ọ̀kan ní bíi ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹ máa gbé èyí tó kàn sórí àpótí iná kí ó máa gbóná dè yín, kí ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá fi í sínú. Igi líle tó ti gbẹ ni o. Ẹ gbá méjì pọ̀: bí ó bá dún "kó!", ó ti gbẹ, bí ó bá dún "pọ̀", omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà sí ibi tí ẹ kó o sí. Kó má ṣe jẹ́ igi tó ń sun oje, kó má ṣe jẹ́ pákó tí wọ́n kùn tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí. Ẹ sì ti mọ igi wọ́rọ́kọ́ tí ń da iná rú. Nínú àpótí kékeré, mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi, ó gbé ilẹ̀kùn àpótí iná dúró, kò jẹ́ kó padé.

Digíríì 110 sí 135 ni ẹ ń wá. Bí ooru bá kọjá bẹ́ẹ̀, igi tó kàn ni kí ẹ fi kéré sí i. Ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ káàárọ̀ o. Mo ní sílíńdà gáàsì àtijọ́ kan tó lágbára, ó wù mí kí n gé e fi ṣe ikùn. Mo tún ní páìpù aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi síńkì bò, èyí tó kù nígbà tí a ṣe ọgbà. Ṣé mo lè fi ìyẹn ṣe ọ̀pá èéfín àti ẹsẹ̀ rẹ̀? Ọmọ mi ọkùnrin ló máa jó o, ó ti kọ́ iṣẹ́ náà fún oṣù mẹ́fà. — Ìyá Onírin

Ìyá wa, ẹ kú ọgbọ́n tí ẹ fi béèrè kí ẹ tó gé. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Sílíńdà ná. Gáàsì propane, gáàsì ìdáná kan, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀, èyí tó kù lè dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí omi nínú ìkòkò. Kò sì nílò púpọ̀ kó tó bú: tí ó bá ti lé díẹ̀ ní ìdá 2 nínú 100 ohun tó wà nínú sílíńdà náà, iná kan tó ta láti ara ẹ̀rọ ìgérin ti tó. Àwọn àgbà níṣẹ́ yìí ń kún un fọ́fọ́ pẹ̀lú omi kí wọ́n tó fọwọ́ kan án, kí ó má bàa sí àyè fún gáàsì kankan. Ẹ̀rọ ìgérin tó ń lo iná mànàmáná àti omi kò sì lè jọ wà níbì kan. Iṣẹ́ olóṣù mẹ́fà kọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rẹ́ mi kan gé àgbá tí wọ́n sọ fún un pé òfìfo ni. Òfìfo ni lóòótọ́: tíńnà inú rẹ̀ ti tán, oru rẹ̀ ni kò tán. Ìdérí àgbá náà ré kọjá òrùlé. Ojú rẹ̀ ló yẹ kó bá, ó kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ tó jábọ́ ni. Ọdún tó pọ̀ ti kọjá lórí ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì yẹn ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kì í fi kọ nǹkan.

Páìpù alásíńkì ńkọ́? Ní ẹsẹ̀, tí iná kò lè dé, kò burú, bí wọ́n bá fi bóòtù dè é. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yín má jó o, kí ó má sì sún mọ́ iná. Síńkì ń yọ́ ní digíríì 420, ó sì ń hó ní 907. Iná tí a fi ń jó irin gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ní ọdún tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo jó irú páìpù bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán kan nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé. Ohun funfun ń fò káàkiri bí ìyẹ́ adìyẹ. Nígbà tó di alẹ́, ẹnu mi rí bí ẹnu ẹni tó ń lá owó idẹ. Òtútù mú mi, mo wé aṣọ ìbora méjì, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo rò pé ibà ni. Ó lọ lọ́jọ́ kejì bí ó ṣe dé, ọ̀gá mi sì rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti kí síńkì. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún wà tí kì í sábà jáde nínú ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà: kí ó má fi omi ìfọ-bíréèkì tó ní chlorine nínú nu irin kí ó tó jó o. Iná wẹ́dà lè sọ ọ́ di phosgene, gáàsì olóró tí wọ́n lò nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọṣẹ, omi, àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ti tó.

Ohun tí màá rà ká ní èmi ni yín: páìpù irin dúdú lásán, tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, gígùn rẹ̀ mítà 1.2, nínípọn rẹ̀ mìlímítà 6. Bí àwọn ará Texas àti Oklahoma ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, páìpù tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń wa epo ni àwọn jórinjórin ibẹ̀ ń gé. Ẹ mọ̀ o, kò fúyẹ́. Irin mìlímítà 6 wọn kílò 47 ní mítà kan níbùú lóròó. Páìpù yẹn pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ méjèèjì yóò sún mọ́ kílò 107 kí ẹ tó so ẹsẹ̀ tàbí àpótí iná mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí yóò dúró sí. Kó jẹ́ ìta gbangba, kì í ṣe abẹ́ òrùlé: gáàsì carbon monoxide kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ya ààrò mi sórí ìwé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ọkàn kan ní kí n jẹ́ kí èéfín wọlé lápá kan, kó jáde lápá kejì. Ọkàn kejì ní kí n tẹ́ páànù irin sábẹ́ àwọ̀n ẹran, kí èéfín gba abẹ́ rẹ̀ lọ dé ìpẹ̀kun, kó yípo, kó wá gba orí ẹran padà, kí ọ̀pá èéfín sì wà lápá ibi tí iná wà. Wọ́n ní ooru ti ìyẹn dọ́gba jù. Èwo ni kí n mú? — Ayàwòrán-Má-Kàn

Ẹ kan èyí tó lọ tààrà.

Òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún yín. Páànù abẹ́ yẹn a máa mú kí ooru dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Àlàfo tó wà ní ìpẹ̀kun, níbi tí èéfín ti ń yípo, kò gbọdọ̀ kéré ju ọ̀fun lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti ṣe ọ̀fun kejì tó há. Ọ̀rá ẹran ń kán sórí irin gbígbóná yẹn. Bí ẹ kò bá dagun rẹ̀ kí ó máa ṣàn jáde, yóò gbiná ní ọjọ́ tí ẹ kò retí. Irin náà sì ń gùn bí ó bá gbóná. Páànù oní-mítà 1.2 tí ooru rẹ̀ fi digíríì 250 lé sí i yóò gùn ní bíi mìlímítà 3.6. Ẹni tó bá jó o mọ́ ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi àyè sílẹ̀ yóò gbọ́ "gbààm!" láàárín òru, páànù ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ìkẹta mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo rò pé wọ́n ń já ilẹ̀kùn mi ni.

Nínú ààrò tó lọ tààrà, ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ iná ni yóò gbóná jù, kò sí àníàní. Ẹ jó irin pẹlẹbẹ kan sí òkè ọ̀fun nínú ikùn, kó dagun sísàlẹ̀ díẹ̀, kó lè kọ́kọ́ ti ooru sábẹ́ kó tó gòkè. Bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ní gígùn ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi bóòtù dè é, ẹ má tíì jó o pa, nítorí ẹ ó tún un ṣe.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó tó? Ẹ gbàgbé géèjì orí ilẹ̀kùn. Ibi tó ti ń wo ooru ga ju ibi tí ẹran wà lọ, nítorí náà òótọ́ ibòmíràn ló ń sọ. Ẹ dáná títí ooru yóò fi dúró ní 130, kí ẹ wá to búrẹ́dì tí a gé pẹlẹbẹ sórí àwọ̀n láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ìlà méjì, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Bí ó bá yá, ẹ ṣí i. Búrẹ́dì kò ní purọ́ fún yín. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, méjì tó wà lẹ́bàá ọ̀fun ti di èédú, àwọn tó tẹ̀ lé e pọ́n dáadáa, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pá èéfín ṣì funfun bí ìgbà tí mo gbé e síbẹ̀. Mo fa irin ọ̀fun gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, mo tún to búrẹ́dì. Ní ìgbà kẹta, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní àyàfi ẹyọ kan, ẹyọ yẹn sì ni mo máa ń gbé ẹran tó nípọn jù sí. Àwọn ọmọ mi jẹ búrẹ́dì yòókù tán kí n tó wẹ̀ ọwọ́.

Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru méjì tí ẹ lè gbé sórí àwọ̀n, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́, ẹ ti ẹnu wọn bọ omi tó ń hó. Níbi tí ilẹ̀ kò bá ga púpọ̀ ju òkun lọ, 100 ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà.

Ẹ̀gbọ́n, mo gé ilẹ̀kùn lára páìpù ńlá mi bí ẹ ṣe ń sọ. Bí mo ṣe gé e tán, ó fò! Ilẹ̀kùn náà ti nà sí i, kò bá ojú ihò mu mọ́, àlàfo tó wà ní igun kan gba ìka mi. Ta ló ṣe mí báyìí? — Ilẹ̀kùn Ò Bẹ́nu Mu

Ẹni tó ká páìpù yẹn níléeṣẹ́ ló ṣe yín. Irin pẹlẹbẹ ni tẹ́lẹ̀, wọ́n fi agbára ká a, kò sì gbàgbé. Bí ẹ bá gé e, ó ń gbìyànjú láti padà sí bó ṣe wà.

Ẹ̀yìn gígé kọ́ ni a ń so ilẹ̀kùn. Ẹ gé ìhà tí àgbékọ́ yóò wà ní kìkì, ẹ jó àgbékọ́ mọ́ ọn, kí ẹ wá gé apá méjì tó tẹ̀ lé e, kí ẹ kù sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sílẹ̀ ní igun. Ẹ jó irin tín-ín-rín yí etí ilẹ̀kùn ká láti ìta, kí ìdajì ìbú rẹ̀ yọ kọjá etí: òun ni yóò di àlàfo, òun náà ni yóò mú ilẹ̀kùn dúró ní ìrísí rẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ wá gé igun tó kù.

Èyí tí ẹ ti gé, ẹ fi irin ìdìmú ńlá méjì fún un padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jó irin etí yẹn mọ́ ọn nígbà tí ó ṣì wà nínú ìdìmú. Ẹ fi sílẹ̀ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó tú u. Bí àlàfo tó kù kò bá ju sísanra owó ẹyọ kan lọ, ẹ fi okùn tí kì í jó dí i, èyí tí wọ́n ń fi sí ilẹ̀kùn ààrò igi. Ilẹ̀kùn tí kò bá ń jò díẹ̀ kò wọ́pọ̀, ti èmi náà ń jò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, bàbá mi ló ni ààrò. Aago méjìlá òru ni mo ń kọ èyí. Igẹ̀ màlúù tó wọn kílò 5 ni mo gbé sínú ààrò láàárọ̀. Ooru inú ẹran náà lọ sókè dáadáa dé digíríì 68, ó sì dúró síbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta! Mo fi igi kún un, kò kúrò. Ṣé ààrò ti bàjẹ́? Bàbá mi kò tíì mọ̀. — Aláìsùn

Àbúrò mi, má jí bàbá ẹ. Nǹkan kan ò ṣe ààrò.

Ẹran náà ń làágùn. Bí omi inú rẹ̀ ṣe ń jáde sí ojú ẹran tó sì ń gbẹ, ó ń mú kí ẹran tutù, gẹ́gẹ́ bí òógùn ṣe ń mú kí ara ẹ tutù nígbà tí o bá sáré. Ooru tí iná ń gbé wá àti ooru tí omi ń gbé lọ ti dọ́gba, ìdí nìyẹn tí géèjì fi dúró láàárín 65 sí 75. Ó lè gba wákàtí púpọ̀. Igi tí o ń fi kún un yẹn, dákẹ́, o lè sọ ìta ẹran di èédú nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń ronú.

Bí o kò bá lè dúró, wé e. Ìwé tí wọ́n fi ń di ẹran, tí kò ní ọ̀rá lára, dára. Fọ́ìlì náà ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ara ẹran rọ̀. Nígbà tí omi kò bá ríbi gbà lọ mọ́, géèjì yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ibi tí ó ń lọ ni bíi 95, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ni kí o fi dá a dúró. Ki irin ìwọ̀n ooru bọ ibi tó nípọn jù. Bí ó bá wọlé bíi pé bọ́tà lo kì í bọ̀, ó ti tó. Bí ó bá fà ọ́ padà, kò tíì tó. Lẹ́yìn náà, gbé e sínú kúlà tí kò ní yìnyín, kí o da aṣọ ìnura bò ó, kí ó sinmi wákàtí kan ó kéré tán kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ.

Bí lẹ́tà rẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, ẹran yẹn ti di ìtàn. Kọ̀wé padà kí o sọ iye wákàtí tó lò. Kí o sì jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe gbé ọ̀pá èéfín bàbá ẹ sí: ṣé ẹ̀gbẹ́ ni ó ti yọ, tàbí òkè?